Gbígbin Búlúbẹ́rì Sínú Ọgbà Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ gbin búlúbẹ́rì, igi yẹn gan-an ló yẹ kó rà kẹ́yìn. Ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bójú tó. Púpọ̀ nínú ìṣòro tí àwọn èèyàn ń ní pẹ̀lú igi yìí, látorí ewé tó ń ṣá dórí igi tó kọ̀ tí kò dàgbà, tí ẹ bá tú u délẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló máa já sí. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣáà ka ìdáhùn tó dá lórí ilẹ̀ kíkan, kí ìyókù dúró di ìgbà mìíràn.

Irú igi wo ni búlúbẹ́rì?

Igi kúkurú ni, tó ń yọ ọ̀pọ̀ ẹ̀ka láti ìdí. Àríwá Amẹ́ríkà ló ti wá. Ìdílé kan náà ni òun àti cranberry tó ń so èso pupa kíkan, pẹ̀lú azalea àti rhododendron tí wọ́n ń gbìn nítorí òdòdó wọn, gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan. Ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń já èso rẹ̀ jẹ nínú igbó, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e wá sínú ọgbà ń rí i tó ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ìgbẹ́ ẹran àti láìmù (ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, kì í ṣe èso láìmù) tún ṣe ni wọ́n ń gbìn ín sí, wọ́n rò pé oore ni wọ́n ń ṣe é. Frederick Coville, onímọ̀ ewéko tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, ló tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1910 pé ilẹ̀ kíkan ni igi náà ń fẹ́. Elizabeth White, tí ìdílé rẹ̀ ní oko cranberry ní New Jersey, ka ìwé náà, ó sì kọ̀wé sí i. Láti ọdún 1911 ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. White ń sanwó fún àwọn tó mọ inú igbó kí wọ́n bá a wá igi tí èso rẹ̀ tóbi jù, ó sì fún wọn ní ohun ìwọ̀n tó lu ihò kí wọ́n lè mọ èso tó tóbi tó. Orúkọ ẹni tó bá rí igi ni wọ́n sábà fi ń pe igi náà. Ibẹ̀ ni irú búlúbẹ́rì tí wọ́n ń pè ní 'Rubel' ti rí orúkọ rẹ̀. Ní 1916 ni wọ́n kó èso tí wọ́n fọwọ́ gbìn lọ sí ọjà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Irú wo ni kí n mú?

Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ nínú ọgbà. Northern highbush, tó ń ga tó mítà 1.5 sí 2.5, ni wọ́n ń gbìn jù níbi tí òtútù ti ń mú. 'Duke' máa ń tètè so, 'Bluecrop' ń tẹ̀ lé e, 'Elliott' ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa já èso fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Rabbiteye ti gúúsù ìlà oòrùn Amẹ́ríkà wá, ó lè ga ju mítà 3 lọ, ooru kì í sì í tètè dà á láàmú. 'Tifblue', 'Climax' àti 'Brightwell' wà lára wọn. Southern highbush jẹ́ àdàlù tí wọ́n dìídì ṣe kí highbush lè so níbi tí òtútù kò ti pọ̀. Lowbush ń ràn nílẹ̀, kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, èso rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò kéré. Wọ́n tún ti da highbush àti lowbush pọ̀ di half-high, tó dára fún ìkòkò àti fún ibi tí òtútù ti le gan-an.

Ohun tó yẹ kó pinnu èyí tí ẹ máa mú ni bí ojú ọjọ́ àdúgbò yín ṣe ń tutù tó. Búlúbẹ́rì máa ń sùn nígbà òtútù, ó sì gbọ́dọ̀ rí iye wákàtí kan tí ojú ọjọ́ fi wà láàárín 0 sí 7 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó rúwé, kó tó tanná bó ṣe yẹ. Northern highbush sábà máa ń fẹ́ bíi wákàtí 800 sí 1,000. Rabbiteye ń fẹ́ bíi 300 sí 600. Ti southern highbush lè bẹ̀rẹ̀ láti 150. Bí òtútù náà kò bá pé, ìrudí á máa là ségesège, òdòdó á ṣọ̀wọ́n, èso á sì kéré. Torí náà, kí ẹ tó béèrè èyí tó dùn jù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta igi, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye wákàtí òtútù tó ń fẹ́.

Ibi tí mò ń gbé kì í tutù. Ṣé kí n gbàgbé rẹ̀ ni?

Ó kù síbi tí ẹ wà. Àwọn southern highbush kan wà, irú 'Biloxi', tí kì í sùn rárá níbi tí kì í tutù. Ewé kì í wọ́ tán lára wọn, bí wọ́n bá sì ṣe rẹ́ wọn ni wọ́n fi ń darí ìgbà tí wọ́n máa so. Irú igi bẹ́ẹ̀ ló sọ Peru, tí etíkun rẹ̀ jẹ́ aṣálẹ̀, di orílẹ̀-èdè tó ń ta búlúbẹ́rì tútù sí òkè òkun jù lọ. Ṣùgbọ́n òkun tútù ń fẹ́ atẹ́gùn sí etíkun náà. Níbi tí ọ̀sán ti gbóná, tí òru náà gbóná, tí ọ̀rinrin sì pọ̀, ewé lẹ máa rí, àrùn ewé á sì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Nírú ibẹ̀, ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì dán an wò nínú ìkòkò, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á tí òjìji sì ń bò ó lọ́sàn-án gangan. Ẹ má walẹ̀ fún ogún igi.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ mi kan tó?

pH ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. 7 ni agbede méjì. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń wálẹ̀ ni ilẹ̀ ń kan sí i. Búlúbẹ́rì ń fẹ́ 4.5 sí 5.5. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì: ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà ní 6 lọ, ó sì kan ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju èyí tó wà ní 7 lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ ń fẹ́ 6 sí 7. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀fọ́ ti ń ṣe dáadáa jù nínú ọgbà yín lè jẹ́ ibẹ̀ ló burú jù fún búlúbẹ́rì.

Ẹ bu ilẹ̀ níbi mélòó kan, látòkè dé ìsàlẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò. Ohun èlò kékeré tó ń lo omi aláwọ̀ lè fọ̀nà hàn yín dé àyè kan. Irin onísẹ̀ méjì tí kò lo bátìrì, tí wọ́n kàn ń kì bọ ilẹ̀, èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé e ní tèmi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ilẹ̀ kíkan ló ń wá?

Gbòǹgbò rẹ̀ ni. Gbòǹgbò búlúbẹ́rì tín-ín-rín, kò rìn jìnnà sísàlẹ̀, kò sì ní irun wínníwínní tí gbòǹgbò igi mìíràn fi ń fa omi àti oúnjẹ. Olú kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú gbòǹgbò náà tó ń bá a wá oúnjẹ kiri, ilẹ̀ kíkan tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì bá olú yìí lára mu. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ èròjà irin. Bí pH bá ga, irin ṣì wà nínú ilẹ̀, àmọ́ kò ní yọ́ sínú omi tí gbòǹgbò lè mu. Ebi á wá máa pa igi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ.

Ilẹ̀ mi ò kan tó. Kí ni kí n ṣe sí i?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣe ìdánwò kékeré kan. Ẹ bu ilẹ̀ gbígbẹ ṣíbí kan sínú àwo, kí ẹ kán fínígà sí i, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá hó, tó ń ta ṣìṣì, láìmù tàbí òkúta ẹfun ló wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì ṣe ń sọ ọ́ di kíkan ni ẹfun náà á máa pa á. Ẹ má bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jìjàkadì. Ebè gíga tàbí ìkòkò ló kàn.

Bí kò bá hó, imí ọjọ́ lẹ́búlẹ́bú ló dájú jù. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń kan: àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Iṣẹ́ wọn kì í yá, wọn kì í sì í fẹ́ ṣe é nígbà tí ilẹ̀ bá tutù nini tàbí tó gbẹ táútáú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ dà á sílẹ̀ ní oṣù 6 sí ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa gbin igi. Láti mú ilẹ̀ wá láti 6 sí 4.5, ilẹ̀ oníyanrìn ń fẹ́ bíi gíráàmù 60 fún mítà kan níbùú lóròó. Èyí tí yanrìn àti amọ̀ inú rẹ̀ ṣe déédéé ń fẹ́ bíi 170. Ilẹ̀ amọ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ dáadáa, ẹ bomi rin ín, lẹ́yìn oṣù mélòó kan kí ẹ tún yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ẹni tó bá dà á lódindi lẹ́ẹ̀kan náà torí kó lè yá lè bá ilẹ̀ tó ti kan kọjá ààlà, igi ò sì ní ṣe dáadáa níbẹ̀ náà.

Ebè gíga ńkọ́? Ẹ ṣe é ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ní gíga, bíi mítà kan ní ìbú. Ẹ lè po èèpo igi páìnì tí wọ́n lọ̀ mọ́ píìtì, ìyẹn ewéko inú àbàtà tó ti ń jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 3.5 sí 4.5. Píìtì gbígbẹ kì í gba omi. Bí ẹ bá da omi sórí rẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣàn lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ po omi mọ́ ọn títí táá fi tutù dénú. Àbàtà tí wọ́n sì ti ń wa píìtì kì í tètè padà bọ̀ sípò, nítorí náà bí èèpo páìnì bá pọ̀ ládùúgbò yín, ẹ jẹ́ kí òun pọ̀ jù nínú àpòpọ̀ náà.

Wọ́n ní kí n máa da ìdọ̀tí kọfí tàbí fínígà sí i. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Kò tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Kọfí tí wọ́n ti sè, púpọ̀ nínú ásíìdì rẹ̀ ti bá omi lọ sínú ife. Bí ẹ bá da ìdọ̀tí rẹ̀ sórí òkìtì tí ewé ti ń jẹrà, kò burú, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an. Fínígà ń kan lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ lọ, bó bá sì pọ̀ jù ó máa jó gbòǹgbò. Ewé páìnì gbígbẹ dára láti fi bo ìdí igi, ẹ má kàn retí pé òun nìkan á mú pH wálẹ̀.

Aluminium sulphate ńkọ́?

Òun náà ń sọ ilẹ̀ di kíkan, ó sì yá ju imí ọjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n aluminium tó bá pọ̀ nínú ilẹ̀ ń ba gbòǹgbò jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa gbìn ín?

Ẹ wá ibi tí oòrùn ti ń ràn fún ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́, tí omi òjò kì í sì í dúró sí. Ẹ ra igi tó ti pé ọdún méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú ike rẹ̀, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa: nígbà púpọ̀, ó ti yí ara rẹ̀ po bí ike náà ṣe rí, ó ti hun pọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú ihò, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì láì jáde síta rárá. Ẹ fi ọ̀bẹ là á lójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ìka tú u. Iṣẹ́ yẹn máa ń ṣe èèyàn bíi pé ìkà ni, àmọ́ ibi tí ẹ là yẹn gan-an ni gbòǹgbò tuntun á ti yọ.

Kí ihò náà fẹ̀ ju kó jìn lọ. Kí igi má wọlẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ike lọ. Ẹ má da ajílẹ̀ kankan sínú ihò. Highbush ń fẹ́ mítà 1.2 sí 1.5 láàárín ara wọn, rabbiteye ń fẹ́ bíi 1.8. Ẹ bomi rin ín, kí ẹ sì bo ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣé ó lè gbé nínú ìkòkò?

Ó lè gbé níbẹ̀ dáadáa, fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún ẹfun, èmi á ní kó má wulẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Ìwọ lo ń pinnu ilẹ̀ tó wà nínú ìkòkò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gba bíi lítà 20, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ títí dé lítà 50 tàbí 60 bí igi bá ṣe ń dàgbà. Kí ìdí rẹ̀ lu dáadáa. Ẹ yẹra fún ìkòkò kọnkéré, torí láìmù inú sìmẹ́ńtì máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ bọ́ sínú ilẹ̀. Ìkòkò dúdú nínú oòrùn líle ń se gbòǹgbò. Òtútù tó le náà sì ń tètè dé gbòǹgbò inú ìkòkò ju ti inú ilẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ lè sún un mọ́ ògiri tàbí kí ẹ fi nǹkan wé ìkòkò náà nígbà òtútù. Àwọn irú kúkurú bíi 'Top Hat' àti 'Sunshine Blue' ló rọrùn jù fún èyí.

Omi mélòó ló ń mu?

Bí òjò kò bá rọ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5 lọ́sẹ̀, ó tún máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nígbà tí èso bá ń wú. Gbòǹgbò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè má kọjá sẹ̀ǹtímítà 30 nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀dá fi ń tètè mú un. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ lábẹ́ ohun tí ẹ fi bò ó: bó bá gbẹ dé oríkèé ìka kejì, àkókò ti tó. Kó máa tutù, kó má sì rẹ sómi. Gbòǹgbò tó bá rẹ sómi fún ọjọ́ púpọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Omi òjò ló dára jù. Omi ẹ̀rọ tàbí kànga tó máa ń fi èépá funfun sí ìdí kẹ́tùlù ní láìmù nínú, bí ẹ bá sì ń fi rin igi lójoojúmọ́, pH á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo iṣẹ́ imí ọjọ́ yín á fi dòfo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ronú kan omi, wọ́n á kàn máa bá ilẹ̀ wí.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ má pa á tì. Àkókò yẹn ló ń ṣe ìrudí tó máa tanná lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ni kí n fi bo ìdí rẹ̀?

Èèpo páìnì, ewé páìnì tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kó má sì kan ara igi. Lẹ́búlẹ́bú pákó tuntun máa ń jẹ náítírójìn inú ilẹ̀ bó ṣe ń jẹrà, ẹ á fi ajílẹ̀ díẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀. Eérú igi kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Koríko tó bá hù, ẹ fi ọwọ́ fà á. Ọkọ́ á gé gbòǹgbò.

Irú ajílẹ̀ wo ló ń fẹ́, báwo ni ó sì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

Èyí tí náítírójìn rẹ̀ wà ní ìrísí ammonium, irú bíi ammonium sulphate. Ajílẹ̀ tí wọ́n ń tà fún azalea náà á bá a mu. Búlúbẹ́rì kì í fi bẹ́ẹ̀ lè lo nitrate, chloride sì ń pa á lára, nítorí náà ẹ ka ẹ̀yìn àpò. Ìgbẹ́ adìyẹ tuntun le jù fún un. Lọ́dún àkọ́kọ́, bíi gíráàmù 30 ammonium sulphate tó fún igi kan, ẹ sì dúró títí igi á fi fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, bí oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín. Ẹ máa fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún, kó má kọjá bíi gíráàmù 220 lọ́dún fún igi tó ti dàgbà tán. Ẹ pín in sí méjì: ìdajì nígbà tí ìrudí bá ń là, ìdajì ní bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn náà. Ẹ wọ́n ọn káàkiri, kó má wà lójú kan. Ẹ má ṣe fi sí i mọ́ bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́, torí ẹ̀ka tútù tó bá yọ nígbà náà ni òtútù máa pa.

Ewé tuntun ń di aláwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n iṣan inú ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kí ló ṣe é?

Kò rí irin fà. Ìgbà púpọ̀ ni irin wà nílẹ̀, pH ló ga. Ẹni tó bá wá da ajílẹ̀ sí i pé ebi ló ń pa á, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló máa le sí i. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò, ẹ yẹ omi wò. Irin olómi tí wọ́n ń fọ́n sára ewé á jẹ́ kó tutù padà fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi ra àkókò fún imí ọjọ́ láti ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ewé àtijọ́ ló ń ṣá látòkè délẹ̀, náítírójìn ló kéré. Bí etí ewé bá jó, ajílẹ̀ ti pọ̀ jù tàbí omi kò tó. Igi tó bá sì rọ nígbà tí ilẹ̀ tutù rinrin, ẹ fa gbòǹgbò rẹ̀ wò: bó bá dúdú, tó ń bó, àrùn Phytophthora ti wọ̀ ọ́, omi tó ń dúró síbẹ̀ ló sì sábà máa ń pè é wá.

Ṣé igi kan ṣoṣo tó?

Fún rabbiteye, rárá. Oríṣi méjì tó ń tanná lákòókò kan náà ni kí ẹ gbìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èso á ṣọ̀wọ́n. Highbush lè dá so, ṣùgbọ́n bó bá ní ẹnì kejì, èso rẹ̀ máa ń tóbi sí i.

Òdòdó búlúbẹ́rì dojú kọlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀, ihò tóóró ni ìyẹ̀fun akọ rẹ̀ sì ń gbà jáde. Bumblebee, irú oyin ńlá onírun kan, máa ń rọ̀ mọ́ ọn, á gbọn iṣan ìyẹ́ rẹ̀ rìrì láì fò, ìyẹ̀fun náà á sì dà lé e láyà. Bí ẹ bá dúró nítòsí, ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀ tó yí padà bó ṣe kan òdòdó. Oyin tí wọ́n ń sìn nínú ilé oyin kò mọ iṣẹ́ yẹn ṣe, àmọ́ bó bá pọ̀, ó ń ṣèrànwọ́. Ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò sí igi tó ń tanná.

Igi mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná lọ́dún tí mo gbìn ín. Ṣé lóòótọ́ ni kí n já a dànù?

Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún àkọ́kọ́, àti ìkejì bó bá ṣeé ṣe. Gbòǹgbò ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Ìgbà wo ni kí n rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, báwo sì ni?

Kó tó pé ọdún mẹ́ta, ẹ kàn máa gé èyí tó kú tàbí tó ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún, ní ìparí ìgbà òtútù kí ìrudí tó là. Àkókò yẹn ni ẹ lè fi ojú mọ oríṣi ìrudí méjèèjì: èyí tó sanra tó rí róbótó lórí ẹ̀ka ni òdòdó á ti jáde, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ka ni ewé. Orí ẹ̀ka tó hù lọ́dún tó kọjá ló ti ń so, nítorí náà ẹni tó bá kàn ń gé orí igi kó lè tẹ́ rẹrẹ, èso ló ń gé dànù.

Ìdí igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá tó bá ti ju ọdún 6 lọ, tó nípọn, tí ara rẹ̀ ti di eléwú tó sì ń yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ẹ gé e sún mọ́lẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì lọ́dún, kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ mú àwọn tó ń ràn nílẹ̀ kúrò, kí ẹ sì la àárín kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ọwọ́ àwọn olùgbìn tuntun kì í fẹ́ lọ síbi ọ̀pá ńlá, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń rẹ́ títí, igi á wá dàgbó.

Ó ti di búlúù. Ṣé kí n já a?

Ẹ ní sùúrù ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ yí èso náà wò níbi tó ti so mọ́ igi: bí òrùka pupa bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì gbó. Èyí tó ti gbó á bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀. Èso tí ẹ já kó tó gbó lè pọ́n sí i, ṣùgbọ́n kò ní dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kì í gbó pọ̀, nítorí náà ẹ máa padà síbẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mélòó ló máa so?

Highbush tó ti dàgbà tán, tí ilẹ̀ bá a mu, lè so kílò 2 sí 4 lọ́dún. Ó máa tó ọdún 6 sí 8 kó tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, ó lè wà fún ọdún 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹyẹ ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Kí ni kí n ṣe?

Àwọ̀n. Gbogbo nǹkan tó ń tàn yanran àti ẹyẹ ayédèrú tí wọ́n ń gbé kọ́, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ kan igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ na àwọ̀n sórí rẹ̀ kó má fara kan igi, torí wọ́n máa ń ki ẹnu wọlé látòde. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le mọ́lẹ̀ kí ẹyẹ má bàa há sínú rẹ̀. Ẹ ta á lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀ tán, kí kòkòrò tó ń bá a gbé ìyẹ̀fun lè ti ríbi wọlé.

Kòkòrò àti àrùn wo ni kí n máa ṣọ́?

Eṣinṣin kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Drosophila suzukii. Éṣíà ló ti wá, ó sì ti tàn káàkiri. Èyí tó jẹ́ abo ní ayùn ní ìdí, ó fi ń gé ara èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n kó lè yé ẹyin síbẹ̀, kì í dúró kí èso rà bí àwọn yòókù. Ẹ já èso tó bá ti gbó kíákíá, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ dànù. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò tó mìlímítà kan lè dí i lọ́nà.

Àrùn mummy berry ń sọ èso di ràkọ̀ràkọ̀ kó tó gbó, á gbẹ, á jábọ́, olú á sì ti ara rẹ̀ yọ nígbà ìrúwé láti kó ran ewé tuntun. Ẹ ṣa wọ́n dànù, ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 èèpo tuntun bo ilẹ̀ kí ìrúwé tó bẹ̀rẹ̀.

Ewé pọ́n wẹ̀ẹ̀ nígbà ìwọ́wé. Ṣé àrùn ni?

Rárá, bó ṣe ń ṣe nìyẹn kó tó wọ́.

Ṣé mo lè gbìn ín láti inú èso tí mo jẹ?

Á hù, ṣùgbọ́n kò ní jọ ìyá rẹ̀, ọdún púpọ̀ lẹ sì máa fi dúró. Ẹ̀ka ni kí ẹ gé. Ẹ mú ẹ̀ka tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ fi ewé méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ gún un sínú píìtì tí ẹ pò mọ́ yanrìn, kí ẹ sì fi ike tó mọ́lẹ̀ gaara bò ó kó má gbẹ. Ó máa ń tó oṣù méjì kó tó ta gbòǹgbò, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa mú.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú èso náà?

Ẹ má fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fẹ́ jẹ ẹ́. Ìda funfun fẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó ló ń dá omi inú rẹ̀ dúró, bí ẹ bá sì fọ̀ ọ́, á bá omi lọ. Nínú fíríìjì, nínú àwo tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó lè wà fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Fún fíríìsà, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo pẹlẹbẹ láì fọ̀ ọ́, kó dì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kó o sínú àpò. Kò ní lẹ̀ pọ̀, ẹ sì lè máa bu ìwọ̀nba tí ẹ bá fẹ́ lò.